Edgar Chance: Ọkùnrin Tí Ó Jókòó De Kúkù

Lágbo àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹyẹ, kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ Edgar Chance. Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tiwa, ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì gbọ́ ọ rí, nítorí kì í ṣe onímọ̀ èdè, kì í sì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n rárá. Oníṣòwò ni, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi ọdún márùn-ún gbáko jókòó de ẹyẹ kan ṣoṣo. Ìbéèrè tí ó ń wá ìdáhùn sí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹyẹ tí kì í kọ́lé, báwo ni ó ṣe ń mọ ilé onílé? Mo fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún yín nísinsìnyí tí àwa ọmọ ìpele kẹrin ń múra láti lọ sí pápá lọ kó ọ̀rọ̀ jọ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa. Ọgbọ́n wà nínú ìgbé ayé ọkùnrin náà, ìkìlọ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Ẹyẹ tí à ń wí yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cuckoo. Kúkù ni n óò máa pè é: ohùn òkè lórí sílébù tí wọ́n tẹ ohùn mọ́, ohùn ìsàlẹ̀ lórí èkejì, bí a ṣe kọ́ ọ nínú kíláàsì ọ̀rọ̀ àyálò. Mọ̀lẹ́bí ẹlulùú tiwa ni, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò jọra. Ẹlulùú ń kọ́ ìtẹ́ tirẹ̀, ó ń sàba lé ẹyin rẹ̀, ó sì ń tọ́ ọmọ rẹ̀. Kúkù ilẹ̀ Yúróòpù kì í ṣe ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú ìtẹ́ ẹyẹ mìíràn ni ó ń yé sí, ẹyin kan fún ìtẹ́ kan. Ẹni tí ó ni ìtẹ́ ni yóò sàba lé e, òun náà ni yóò bọ́ ọmọ títí yóò fi fò lọ. Kúkù kì í tilẹ̀ fi gbogbo ọdún gbé Yúróòpù. Áfíríkà níhìn-ín ni ó ti ń lo oṣù tí ó pọ̀ jù nínú ọdún, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbà kọjá bí wọ́n bá ń padà lọ yé ẹyin.

Kí Chance tó dé, Edward Jenner, dókítà tí ó gbé àjẹsára ìgbóná kalẹ̀, ti tan ìmọ́lẹ̀ sí apá kan ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún 1788, ọdún mẹ́jọ kí ó tó dán àjẹsára yẹn wò, ó kọ̀wé fún ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù pé ọmọ kúkù tí kò tíì lajú ni ó ń fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ gbé ẹyin àti ọmọ onílé dà síta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn tí ó ti wọlé ni Jenner rí. Bí ìyá ṣe mọ ilé náà, àti bí ẹyin ṣe débẹ̀, ṣì wà nínú òkùnkùn. Àgbọ́sọ tí ó gbilẹ̀ ni pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni kúkù ń yé ẹyin sí, lẹ́yìn náà ni yóò fi ẹnu gbé e wọ inú ìtẹ́. Àwọn kan kúkú ti rí kúkù tí ẹyin wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì gbà pé ẹyin ara rẹ̀ ni.

Ọdún 1881 ni wọ́n bí Edgar Percival Chance. Òwò ni ó ń ṣe jẹun, ẹyin ẹyẹ ni ọkàn rẹ̀ wà lára rẹ̀. Nígbà náà, kíkó ẹyin ẹyẹ igbó jọ jẹ́ nǹkan iyì láàrin àwọn ọkùnrin tí ọwọ́ wọn tó ẹnu ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí àwọn mìíràn ṣe ń kó sítáǹbù jọ. Wọn yóò wá ìtẹ́ kiri, wọn yóò kó ẹyin inú rẹ̀, wọn yóò lu ihò kékeré sí i, wọn yóò fẹ́ omi inú rẹ̀ dànù, wọn yóò sì to èèpo òfìfo náà sínú àpótí pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti rí i. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin Chance àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé kò mọ ibi tí a ń dúró. Ẹyin tí ó kó jọ láyé rẹ̀ tó 25,000.

Kí n má parọ́ fún yín, kì í ṣe ìfẹ́ ìmọ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé e dé ìdí kúkù. Ó fẹ́ ní ẹyin tí ó pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, tí ó jẹ́ pé kúkù kan ṣoṣo ni ó yé gbogbo rẹ̀ láàrin àsìkò kan. Àmọ́ ẹni tí yóò kó gbogbo ẹyin ẹyẹ kan tán ní láti mọ gbogbo ibi tí ẹyẹ náà ń lọ. Ojúkòkòrò rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di olùwádìí.

Lọ́dún 1918, ó mú pápá gbalasa kan tí wọ́n ń pè ní Pound Green Common, ní àgbègbè Worcestershire. Ẹyẹ kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí koríko gbígbẹ pọ̀ níbẹ̀, meadow pipit. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní pípìtì. Ilẹ̀ ni pípìtì ń tẹ́ ilé rẹ̀ sí, lábẹ́ koríko, níbi tí ènìyàn lè tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má mọ̀. Ìtẹ́ pípìtì ni kúkù ibẹ̀ ń yé sí. Chance sọ ọ̀kan nínú àwọn kúkù náà ní Cuckoo A, ó sì ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti 1918 títí di 1922. Kò so nǹkan kan mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ara ẹyin ni ó ti ń dá a mọ̀, nítorí àwọ̀ àti tótòtó ara ẹyin kúkù kọ̀ọ̀kan kì í yí padà láti ọdún dé ọdún, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé. Ẹni tí ó bá ti wo ẹyin tó 25,000 kò ní í ṣi ìyẹn mọ̀.

Ìtẹ́ pípìtì ni iṣẹ́ tí ó le jù. Ẹ lè rin pápá yẹn já láti àárọ̀ di alẹ́ kí ẹ má rí ẹyọ kan. Chance àti àwọn tí ó gbà sí iṣẹ́ kò rìn kiri. Wọ́n jókòó sínú àgọ́ kékeré tí wọ́n fi ewé bò, wọ́n ń wo pípìtì tí ó gbé koríko sẹ́nu. Ẹyẹ tí ó gbé koríko sẹ́nu kì í gbé e ṣeré. Bí ó bá balẹ̀ sí ojú kan lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ibẹ̀ ni ilé wà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ pípìtì lọ́wọ́ ni wọ́n rí i pé ẹlòmíràn náà ń ṣọ́ ọ. Kúkù wà lórí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kò mira. Òun náà ń wo ẹni tí ó gbé koríko sẹ́nu. Kì í tú inú koríko kiri, kì í fò láti igbó dé igbó. Ó ń wo òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, òṣìṣẹ́ sì ń júwe ilé ara rẹ̀ fún un láìmọ̀. Bí ó bá ti mọ ibẹ̀, kì í lọ lójú ẹsẹ̀. Yóò dúró di ọjọ́ mélòó kan, títí onílé yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin. Bí ẹyin rẹ̀ bá ṣáájú ti onílé, onílé lè dà á nù. Bí ó bá pẹ́ jù, àwọn ọmọ onílé yóò ti dàgbà jù ú lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, yóò tún wá sórí igi, yóò jókòó pẹ́ títí. Òwúrọ̀ ni àwọn ẹyẹ kéékèèké sábà máa ń yé ẹyin, nítorí náà wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nílé lásìkò tirẹ̀. Nígbà tí ó bá yá, yóò na ìyẹ́ gbọọrọ, yóò rá wálẹ̀ tààrà sí ìdí ìtẹ́. Ẹnu ni yóò fi mú ẹyin onílé kan, yóò yé tirẹ̀ dípò rẹ̀, yóò sì gbéra. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Ẹyin onílé tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ bí ó ṣe ń lọ, ìyẹn ni yóò gbé mì. Ibí yìí ni àgbọ́sọ ọjọ́ pípẹ́ ti tú. Òótọ́ ni pé àwọn ènìyàn rí ẹyin lẹ́nu kúkù. Ẹyin ẹlòmíràn ni, ó sì ń gbé e jáde ni, kò gbé e wọlé.

Nígbà tí Chance ti mọ ohun tí kúkù ń wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó fún un. Pípìtì tí ó ti ń sàba kò wúlò fún kúkù mọ́. Chance á kó ẹyin rẹ̀. Pípìtì á fi ibẹ̀ sílẹ̀, á tún ilé mìíràn kọ́, kúkù á sì rí ilé tuntun wò. Ọjọ́ méjì-méjì ni kúkù ń yé, nítorí náà Chance ṣètò rẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìtẹ́ kan yóò ti wà ní sẹpẹ́ bí ọjọ́ bá ti pé. Ó dé ibi tí ó ti lè sọ ìtẹ́ tí kúkù yóò wọ̀ àti ọ̀sán ọjọ́ tí yóò wọ̀ ọ́, kí ó tó ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1922, Cuckoo A yé ẹyin 25. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú àkọsílẹ̀.

Nítorí pé ó ti mọ ibi tí ẹyẹ yóò balẹ̀ sí, ó ṣeé ṣe fún ayàwòrán kan, Oliver Pike, láti gbé kámẹ́rà sídìí ìtẹ́ kí ó sì dúró. Sinimá tí wọ́n yà náà ń jẹ́ The Cuckoo's Secret. Orúkọ kan náà ni Chance fi sọ ìwé tí ó tẹ̀ jáde lọ́dún 1922. Àwọn tí wọ́n ti fi gbogbo ayé wọn jiyàn pé ẹnu ni kúkù fi ń gbé ẹyin wọlé kò gbà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n àwòrán tí ń rìn ti wà nílẹ̀, ojú sì ti rí i.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan ni mo ń sọ. Ní Kirikiri níbi tí mo ń gbé, ẹ̀yìn ọgbà ẹ̀wọ̀n ni gbogbo ayé mọ̀ wá sí, pẹ̀lú ariwo tírélà tí ń lọ sí Àpápá. Ariwo kejì tí ó wà níbẹ̀ ni ti ẹgà. Wọn yóò já ewé ọ̀pẹ kan tán pátápátá, wọn yóò fi hun ilé wọn sorí rẹ̀, akọ yóò rọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ilé, yóò máa gbọn ìyẹ́, yóò máa pariwo pé kí abo wá wò ó. Ẹgà náà ní kúkù tirẹ̀ káàkiri Áfíríkà: ẹyẹ kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, tí ikùn rẹ̀ funfun, tí etí ojú rẹ̀ sì pọ́n. Didric ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kò nílò láti wá ilé ẹgà, nítorí ẹgà kò fi ilé rẹ̀ pamọ́. Wíwọlé ni ìṣòro tirẹ̀. Ogún ojú lè máa wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹgà sì ń lé e bí ó bá ti yọjú. Bí ó bá tilẹ̀ ríbi wọlé, abo ẹgà mọ ẹyin ara rẹ̀. Tótòtó ara ẹyin abo kan kì í bá ti èkejì dọ́gba, àjèjì tí kò bá sì jọ tirẹ̀, ìta ni yóò jù ú sí.

Ohun tí àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀lé Chance rí kún tirẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni ó kàn wá. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí i lára ẹyẹ cowbird, tí òun náà ń yé sílé onílé, pé ariwo tí onílé ń pa nítòsí ìtẹ́ ń ṣòfófó rẹ̀. Àwọn bàbá wa kúkú ti wí i tipẹ́ pé ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Èkejì jẹ mọ́ èdè gan-an. Ẹyẹ dúdú kékeré kan wà ní Áfíríkà, tí ara rẹ̀ ń dán bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú aró. Indigobird ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ̀ ẹyẹ pupa kan tí ń jẹ́ firefinch ni wọ́n ti ń tọ́ ọmọ rẹ̀. Láti kékeré ni ọmọ náà ti gbọ́ orin alágbàtọ́ rẹ̀. Bí akọ bá dàgbà, orin yẹn ni yóò máa kọ. Bí abo bá dàgbà, akọ tí ń kọ orin yẹn ni yóò fẹ́, ilé àwọn tí wọ́n ni orin yẹn ni yóò sì wá lọ yé ẹyin sí. Nígbà tí wọ́n gbé irú abo bẹ́ẹ̀ fún alágbàtọ́ mìíràn tọ́, orin alágbàtọ́ tuntun náà ni ó tẹ̀ lé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ lórí bí ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí òbí rẹ̀ ń sọ Ìjọ ṣe ń gbọ́ Yorùbá àti Píjìn ní ojú pópó, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi kọ èyí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Chance, nítorí ayé rẹ̀ kò parí sórí ìyìn. Ìfẹ́ ẹyin tí ó kọ́ ọ lọ́gbọ́n kò fi í sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti gbọ́n tán. Nígbà yẹn, àwọn ènìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé kíkó ẹyin ń ba àwọn ẹyẹ tí ó ṣọ̀wọ́n jẹ́, òfin sì ti ń dáàbò bo díẹ̀ nínú wọn. Lọ́dún 1926, ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn lé Chance nítorí ẹyin ẹyẹ crossbill tí wọ́n kó lọ́nà tí kò bófin mu. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹyẹ, British Ornithologists' Union, yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàrin wọn. Ọdún mẹ́rin péré ni èyí fi tẹ̀ lé ọdún tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ẹni tí ó fi han ayé bí olè ṣe ń mọ ilé onílé, ọwọ́ tẹ òun náà níbi ẹyin ẹlòmíràn.

Kò fi kúkù sílẹ̀. Lọ́dún 1940, ó tún gbé ìwé kejì jáde, The Truth about the Cuckoo, níbi tí ó ti fi àlàyé kún ti àkọ́kọ́. Lọ́dún 1954, òfin tuntun jáde tí ó ka kíkó ẹyin ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyẹ igbó léèwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1955, ni Chance kú. Natural History Museum ni ó jogún ẹyin rẹ̀, níbi tí àwọn olùwádìí ti lè yẹ̀ wọ́n wò.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn rẹ̀, mo fẹ́ pín in sí méjì: Chance olùwádìí lọ́tọ̀, kí n fẹ́ràn ìyẹn, Chance akóyinjọ lọ́tọ̀, kí n kórìíra ìyẹn. Kò ṣeé pín. Ọwọ́ tí ó ń kó ẹyin ni ó tú àṣírí. Bí kò bá da ilé pípìtì rú lemọ́lemọ́, kò ní í mọ ìtẹ́ tí kúkù yóò wọ̀ lọ́la. Àwa tí à ń jẹ àǹfààní ìmọ̀ rẹ̀ lónìí, owó pípìtì ni wọ́n fi san án.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ìtàn rẹ̀ kàn wá ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè. Ìgbà kan ń bọ̀ láìpẹ́ tí olúkúlùkù wa yóò gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá ẹnì kan: ìyá tí ń ta ẹja ní Ajégúnlẹ̀, bàbá Ìlàjẹ tí ń tún àwọ̀n ṣe létí omi, ọmọdé tí ń ṣeré níwájú ilé. Ohun àkọ́kọ́ tí Chance kọ́ wa ni pé kí a lọ jókòó. Àpẹẹrẹ gbólóhùn tí ẹnì kan wò kọ láti inú iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí ẹlòmíràn tún wò kọ lára tirẹ̀, kò yàtọ̀ sí ẹyin tí wọ́n ní kúkù fi ẹnu gbé wọlé. Gbogbo ènìyàn ń sọ ọ́, kò sí ẹni tí ó rí i. Èdè náà kì í fi ilé rẹ̀ han ẹni tí ń sáré kọjá. Ẹni tí ó bá jókòó ti òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí kò dá a lọ́wọ́ kọ́, ni yóò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gan-an.

Ohun kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Abẹ́nà ìmọ̀ wa ni pípìtì. Bí a ṣe ń ṣọ́ ọ, ó ń júwe ilé rẹ̀ fún wa: ọ̀rọ̀ inú ẹbí, oríkì, àdúrà, èébú, orúkọ òkú. Bí a bá ti gba èyí tí a fẹ́, ó rọrùn láti gbéra láàrin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí a lọ gba máàkì, kí ohùn ìyá ẹlẹ́ja wà nínú fóònù wa títí fóònù yóò fi bàjẹ́. Èmi ti sọ fún alábòójútó mi pé n óò da ohùn tí mo bá gbà padà fún àwọn tí wọ́n ni ín, lórí káàdì kékeré tí fóònù wọn lè kà. Ohun tí wọ́n bá ní kí n yọ, n óò yọ ọ́ kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ó lè jẹ́ kí iṣẹ́ mi fi ojú ìwé díẹ̀ kéré. Mo gbà bẹ́ẹ̀.